Gbẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Mìsítúrà

Ẹni tó bá bá Mìsítúrà gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ní Peckham kò nílò kó kan ilẹ̀kùn kó tó mọ̀ pé ó ti dé. Èémí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. Ẹ ó máa gbọ́ ọ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, fée, fée, bíi kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, kí ẹ tó gbọ́ bàtà rẹ̀, kí ẹ sì tó gbọ́ bó ṣe ń bú lífítì tó bàjẹ́ bí ẹni ń bú orogún. Ìgbà tó bá fi máa dé òkè, ìbínú rẹ̀ á ti tán, èémí náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pẹ̀lú.

Èmi ni Kíkẹ́lọmọ. Ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó: à ń ti ilé dé ilé, à ń wẹ̀ wọ́n, à ń wọṣọ fún wọn, à ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tí kì í yọjú. Mùsùlùmí ni òun, Aládùúrà aláṣọ funfun sì lèmi. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí, yẹ̀yẹ́ la fi ń ṣe. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí òórùn tùràrí ṣì wà lára sùtánà mi, kò ní jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Yóò jókòó sínú pálọ̀, yóò na ọwọ́ sí mi.

"Ìyá Aládùúrà, dúró síbẹ̀. Lọ change first. Áńgẹ́lì tó tẹ̀ lé ẹ wálé yẹn, he wants to kill me."

N ó rẹ́rìn-ín, n ó lọ bọ́ sùtánà, n ó wá padà wá jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ìrẹsì rẹ̀ dára. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú máa ń gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹpẹ́ ni wọ́n ti bí i, létí ọ̀sà. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan. Màmá Ẹpẹ́ ni èmi náà ń pè wọ́n lórí fóònù. Ààrò wọn wà lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ sì máa ń wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ikọ́ fée mú Mìsítúrà kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ í pè. Wọ́n fún un ní orógbó jẹ, wọ́n se àgbo fún un mu, kò gbọ́. Nígbà tó yá, Màmá Ẹpẹ́ fúnra wọn mú abẹ, wọ́n dojú ọmọ náà bolẹ̀ sórí itan wọn, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn, láàárín eegun èjìká méjèèjì, wọ́n sì fi ẹ̀tù dúdú ra á. Mìsítúrà sọ fún mi pé ìyá òun sunkún ju òun lọ lọ́jọ́ náà.

Gbẹ́rẹ́ mú kó fúyẹ́ díẹ̀, kò mú un lọ. Ni Màmá Ẹpẹ́ bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n wó ààrò. Obìnrin tí gbogbo èbúté mọ̀ mọ́ ẹja yíyan bẹ̀rẹ̀ sí í ta iyọ̀ àti ọṣẹ, òwò tí kì í jẹ́ kéèyàn yó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ọmọ kan ti sọ ìyá rẹ̀ di aláìníṣẹ́. Nínú gbogbo ìtàn tí Mìsítúrà máa ń sọ fún mi, èyí ló sọ jù. "Màámi wó ààrò wọn kí n lè mí," ni yóò wí.

Ó gbé èémí náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, wọ́n fún un ní pọ́ńpù méjì: búráùn tó ń fà láàárọ̀ àti lálẹ́ kí àyà má baà dí, àti búlúù tó ń fà bí àyà bá ti dí. Ọkọ rẹ̀ ti padà sílé tipẹ́, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ má jẹ́ kí n fi ti onítọ̀hún ba ẹnu mi jẹ́. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀ fún un, Hameedah, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí. Hameedah jogún ojú ìyá rẹ̀, ó jogún ẹnu rẹ̀, ó sì jogún ikọ́ fée náà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ara Màmá Ẹpẹ́ kò yá ní gbogbo oṣù Ràmàdáánì, wọn kò sì lè gba ààwẹ̀ kankan. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, ara wọn mókun. Wọ́n ní àwọn á san ààwẹ̀ náà padà bí ooru bá rọlẹ̀. Ooru kò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n fi sùn tí wọn kò jí.

Ọsibítù ni Mìsítúrà wà nígbà náà, pẹ̀lú ike atẹ́gùn lójú. Ikọ́ fée ló gbé e débẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Hameedah gbé fóònù sókè fún un, inú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe gbé ìyá rẹ̀ sínú ilẹ̀, àwòrán náà sì ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Mo wà níbẹ̀. Kò sunkún. Kò ní èémí tó máa fi sun ún.

"Èémí tí wọ́n torí ẹ̀ wó ààrò," ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n yọ ike náà kúrò, "òun náà ni ò jẹ́ kí n bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè wọn."

Látífàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ló sọ fún un nípa obìnrin ará Ṣáínà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù egbòogi lábẹ́ afárá rélùwéè. Mo tẹ̀ lé e lọ, torí bí wọ́n bá fẹ́ lù ú ní jìbìtì, ó kéré tán kó ṣojú mi. Mrs Lin ni orúkọ obìnrin náà. Ó ti dàgbà, ó tín-ín-rín, ó sì ní àpótí ńlá kan tí dúrọ́ọ̀ kéékèèké kún inú rẹ̀. Nígbà tó ṣí ọ̀kan, òórùn tó jáde jẹ́ òórùn igbá lẹ́kùlẹ́jà gan-an. Mo bi í léèrè bóyá orógbó wà níbẹ̀. Mìsítúrà fi ìgúnpá gún mi.

Mrs Lin ní kí Mìsítúrà yọ ahọ́n. Ó wo ahọ́n náà pẹ́. Ó fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó di ojú títí tí ara mi fi ń yún mi láti sọ̀rọ̀. Ó wá ní òtútù ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tipẹ́, pé ìgbà tí oòrùn mú jù lọ ni àwọn máa ń lé e, kó má baà ríbi jókòó sí nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá dé. Mìsítúrà yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn lèèyàn ń tún òrùlé ṣe. It makes sense."

Ìgbà tó wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ Mrs Lin dúró. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àwọn gbẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi í pé ta ló ṣe é.

"My mother," ni Mìsítúrà wí.

Mrs Lin ní òun kò mọ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí òun fẹ́ lẹ píláásítà mọ́ gan-an ni gbẹ́rẹ́ méjì nínú wọn wà. Ó ní ìyá rẹ̀ mọ ibi tí èémí ń gbà. Mìsítúrà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀yìn ìhòòhò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀ tí kò ráyè sun ní ọsibítù. Mo kàn di aṣọ rẹ̀ mú.

Irúgbìn mọ́sítádì tí wọ́n lọ̀, omi atalẹ̀, àti àwọn egbò mìíràn tí n kò mọ orúkọ wọn ló wà nínú píláásítà náà. Ó ń ta bí ata. Mrs Lin sọ fún un pé kó máa fi ìborùn bo ọrùn, kó má mu omi yìnyín, kó máa se atalẹ̀ àti èèpo ọsàn mu ní gbígbóná, kó sì máa fi imú mí jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kí ikùn gbé èémí dípò èjìká. Lẹ́yìn náà ó ní kó gbé àwọn pọ́ńpù rẹ̀ jáde. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó tì wọ́n padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀nyí sílẹ̀, pé olùrànlọ́wọ́ lásán ni píláásítà òun, kò lè gba ẹni tí èémí ti há sílẹ̀. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ obìnrin náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà san án. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láìjókòó. Ó ń gun àtẹ̀gùn láìsúfèé, tó fi jẹ́ pé ó yọ sí mi lẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹrù ọwọ́ mi nù. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó ń wo àyà rẹ̀ ní inú òun dùn, kó ṣáà máa fa búráùn rẹ̀ lọ. Mìsítúrà kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ búráùn náà sí mọ́. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìyá òun ló ti fi abẹ sàmì sí ibẹ̀ láti kékeré, pé Mrs Lin kàn wá parí rẹ̀ ni.

Bí òtútù ṣe dé ló sọ fún mi pé òun fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí ìyá òun kò ráyè san. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ẹpẹ́, Làtíìfù, ti ní kí àwọn bọ́ àwọn aláìní dípò rẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ó gbọ́ mi bí mo ṣe ń sọ pé Làtíìfù gbọ́n.

"Ṣé ìrẹsì ni màámi fi ra èémí mi ni?" ló fi dá mi lóhùn. "Mo máa gbà á fún wọn. Day for day."

Ní ìlú yìí, àwọn Mùsùlùmí tó bá jẹ gbèsè ààwẹ̀ máa ń dúró de ìgbà òtútù, torí oòrùn á ti wọ̀ kí ebi tó rántí ẹni. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwa tí à ń gba ààwẹ̀ gbẹrẹfu tọ̀sán-tòru ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò lè pe èyí ní ààwẹ̀, pé mo ti gba irú ẹ̀ láìmọ̀ níbi tí mo ti ń ṣe double shift. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá wọ̀, dàbínù kan ló fi ń ṣínu, á sì ju kóró rẹ̀ sínú ìgò jáàmù kan tó gbé sí ojú fèrèsé kíṣìnì. Ó fẹ́ fojú rí bí gbèsè ìyá rẹ̀ ṣe ń kún ìgò.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ́ńpù. Ọ̀dọ̀ arúgbó kan ní Nunhead, Mr Vincent, ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èèyàn méjì ló ń gbé bàbá náà dìde lórí ibùsùn, àwa méjèèjì la sì jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe gbé e jókòó tán, mo gbọ́ ọ: fée, fée. Mìsítúrà di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Mìsí, níbo ni pump ẹ wà?"

"Mo ń gba ààwẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o ń gba ààwẹ̀. Mo ní níbo ni pump ẹ wà?"

Ó jókòó. Ó fi imú mí jẹ́jẹ́ bí Mrs Lin ṣe kọ́ ọ, ó sì pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní ní sààrì òun ń fa búráùn, bí oòrùn bá wọ̀ òun á tún fà á, ṣùgbọ́n lójú ọ̀sán, ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Ààfáà ilé kéú àwọn ní Ẹpẹ́ ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ti tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó ti jẹun. Bẹ́ẹ̀ òun sì máa ń tọ́ pọ́ńpù náà wò lẹ́nu, ó korò.

"But plaster ò gba ọ̀fun," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí ọ̀nà àbùjá. "Ẹ̀yìn mi ló wà. Ó ń ṣiṣẹ́, ààwẹ̀ mi sì wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló rán Mummy Lin sí mi, Kíkẹ́."

Mo bínú. Mo ní kó lọ bi Lèmọ́ọ̀mù wọn léèrè, ṣebí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó ní òun kò ní béèrè. Nígbà tí mo há a mọ́lẹ̀, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: bí òun bá béèrè, Lèmọ́ọ̀mù á mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, á ní kí òun jáwọ́ nínú ààwẹ̀, òun kò sì lè ṣe lòdì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni ní mọ́ṣáláṣí, yàtọ̀ sí Látífàt, pé òun ní ikọ́ fée. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ wo ọgbọ́n.

Mr Vincent tó jókòó sáàárín wa bi wá pé kí ló ń bí wa nínú. Mìsítúrà ní kò sí nǹkan, darling, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun bàbá náà.

Èmi Aládùúrà, ẹnu wo ni n ó fi wọ mọ́ṣáláṣí lọ fi Mùsùlùmí sùn nítorí ààwẹ̀? Hameedah ni mo sọ fún. Ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ jà, wọ́n jà dáadáa, mo gbọ́ wọn láti ilé mi. Nígbà tó rí i pé kò sí ọ̀nà, ó gba ìlérí kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, pé pọ́ńpù búlúù á máa wà nínú àpò kóótù rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ. Mìsítúrà gbà. Kò sọ pé òun á fà á.

Ìgò jáàmù náà ń kún. Kò gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ó ń yan ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n kóró dàbínù ń ga sí i, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí n kò rí látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó tún lọ sọ́dọ̀ Mrs Lin fún píláásítà ìgbà òtútù. Kò sọ fún obìnrin náà pé òun ń gba ààwẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kú, ìkùukùu bo gbogbo ibi, òtútù náà sì ń gé ọ̀fun. Ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Forest Hill, níbi tí ọ̀nà ti ga bí àtẹ̀gùn, ó sì ń rìn lọ síbi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì wálé wá ṣínu. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì níbẹ̀ ló wá ròyìn fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní ó jókòó, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Òun bi í bóyá ó ní inhaler. Ó fi ọwọ́ lu àpò kóótù rẹ̀, ó mi orí pé òun ní in. Òun ní kó lò ó. Ó gbé ìka kan sókè, bí ìgbà tí a bá ń sọ fún èèyàn pé kó ní sùúrù díẹ̀, ó sì ń wo ojú fóònù rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin náà pe áńbúláǹsì. Nígbà tí wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀ nílẹ̀, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ó ní òun kò mọ ohun tí orin náà jẹ́, òun kàn rò pé ẹnì kan ló ń pè é, òun sì ń wá bí òun ṣe máa gbé e.

Nínú àpò kóótù tí ọsibítù kó fún Hameedah, pọ́ńpù búlúù wà níbẹ̀, kò dín nínú rẹ̀. Dàbínù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi tíṣù wé e.

Látífàt wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Èmi kò lè wọlé níbẹ̀. Ó jáde wá bá mi níta níbi tí mo dúró sí, omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn fi omi gbígbóná rọ píláásítà méjì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn kò fẹ́ kó bó awọ. Ó ní gbẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń bi mí bóyá mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ní iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni.

Mo bínú sí gbogbo èèyàn. Mo lọ sọ́dọ̀ Mrs Lin láti lọ bú u, ọ̀nà ni mo ti ń kó èébú jọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó yí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí pé ó ti pa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Mìsítúrà jókòó sí, ó ní, "I told her. You heard me." Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó tì í.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo bá Lèmọ́ọ̀mù wọn. Ẹnu tí n kò ní tẹ́lẹ̀, mo ti wá ní in. Mo bi í ní ìbéèrè tí Mìsítúrà kọ̀ láti bi í. Ó wò mí, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ kan sọ pé ó bà á jẹ́, àwọn mìíràn ní kò bà á jẹ́, pé kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ohun mímu, èémí lásán ni, èyí tí kò bà á jẹ́ yìí sì ni àwọn gbà ní mọ́ṣáláṣí tiwọn. "Bó bá tilẹ̀ bà á jẹ́, Mummy," ló wí, "ọjọ́ kan péré ni. Á jẹun, á fi ọjọ́ mìíràn san án. Ọlọ́run kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí kò béèrè?" Ó sunkún, mo sì jẹ́ kó sun ún. Mo ní kó sọ ọ́ lórí mínbárì, kó sọ ọ́ kó tún un sọ, torí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ san gbèsè kì í wá béèrè. Ó sọ ọ́ ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn obìnrin kan lọ sí ẹnu.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí Hameedah ṣe sọ fún mi pé òun máa gba ìyókù ààwẹ̀ náà.

"Aunty, it's not much left. Mo fẹ́ parí ẹ̀. For Grandma, and for Mummy."

Mo ní rárá. Mo ní ó tó, mo ní ìdílé yín ti san. Mo pariwo mọ́ ọmọ tí kò ní ìyá. Ó jẹ́ kí n pariwo tán, ó sì lọ ra dàbínù. Orí kunkun ìyá rẹ̀ náà wà nínú ohun tó jogún. Látìgbà náà, ibi iṣẹ́ yòówù kí n wà, mo máa ń wá ọ̀nà tí n ó fi wálé lọ́sàn-án wá gbọ́ bó ṣe ń mí.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ìsìn wa pẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo sáré ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo gun àtẹ̀gùn, mo ṣí ilẹ̀kùn wọn, mo wọlé lọ jókòó tì í lórí àga. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí mi láti inú pálọ̀. N kò rántí pé sùtánà wà lọ́rùn mi pẹ̀lú òórùn tùràrí rẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ: fée. Lẹ́yìn náà, fée.

Mo dìde fùú. Mo ṣí fèrèsé, mo fa sùtánà gba orí jáde, mo jù ú síta sí ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró nínú yẹ̀rì nínú afẹ́fẹ́ òtútù náà. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fa nǹkan náà, pé èmi á lọ jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run fúnra mi. Ó ti mú un jáde lápò. Ó mì ín, ó tú èémí jáde, ó fi sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó di í mú. Lẹ́yìn náà ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Fée náà rọ̀, ó lọ.

"Ṣé ó ti já nìyẹn?" mo bi í.

"What?"

"Ààwẹ̀ ẹ."

"No, Aunty. Kò já. I asked Imam."

Ó gbé pọ́ńpù náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dàbínù tó fẹ́ fi ṣínu. Ó wá dìde, ó mú kóótù ìyá rẹ̀ lórí ìkọ́, ó fi bò mí léjìká, torí òtútù ń mú mi. Oòrùn ṣì wà lára ilé òdìkejì. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́. Ó ń mí wọlé, ó ń mí jáde, ààwẹ̀ rẹ̀ sì wà síbẹ̀.